Àjẹ̀ Ló Nà sí I, Kì Í Ṣe Ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀: mo mọ ìdáhùn náà, mo sì parọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní etí omi Ìlàjẹ, níbi tí a ti ń wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwé, tí a sì ń rìn lórí afárá pákó láti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí mo parọ́ lé lórí kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ nínú ìwé ìtàn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, mi ò sì tíì gbàgbé ojú ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ pa á.

Àwa ọmọbìnrin méjì là ń du ipò kìíní. Bí mo bá gbà á ní sáà yìí, òun á gbà á ní sáà tó ń bọ̀. Apẹja ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀ bíi bàbá tèmi, ibì kan náà ni wọ́n ń sá àwọ̀n wọn sí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti òdìkejì omi, láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, tí a jọ ń ná ọjà, tí a sì jọ ń fẹ́ ara wa láti ayébáyé. Orogún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń pè wá. Bí a bá ti fẹnu ko, wọn á pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, àwọn orogún ti tún bẹ̀rẹ̀!" Kò sí ohun tí a kì í bá ara wa dù: ta ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ láàárọ̀, ta ni ìwé rẹ̀ mọ́ jù, ta ni olùkọ́ kọ́kọ́ pè. Èmi ní ẹnu, òun ní sùúrù. Ká sòótọ́, sùúrù rẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú. Bí mo bá bú u, á wò mí, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àfi bíi pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá.

Olùkọ́ Yorùbá wa jẹ́ àgùnbánirọ̀ láti ìlú òkè, níbi tí wọ́n ti ń fi omi wẹ̀, tí wọn kì í gbé orí rẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á débi pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bó bá wọ ọkọ̀, àárín ló máa ń jókòó sí, á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, á wá dijú. Ṣùgbọ́n kí ó ṣáà ti ṣí ìwé, háà! Ọkùnrin náà á yí padà lójú wa. Kò sí ẹni tó ń mí nínú kíláàsì bó bá ń kàwé.

Ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló gbé wá fún wa, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nítorí pé ẹyọ kan ló wà, ó ní kí èmi àti orogún mi máa gbé e lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí a máa fi lé ara wa lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní ẹni tí ìwé náà bá yé jù nínú àwa méjèèjì ni yóò lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa níbi ìdíje ní Igbókòdá. Ẹnì kan péré. Láti ọjọ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni mi ò ti sùn dáadáa mọ́.

Ìtàn ọmọkùnrin méjì ni, ní ìlú kan tó kún fún kòkó. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, èkejì jẹ́ ọmọ olóko. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá ara wọn figagbága, nínú eré sísá, nínú ìdánwò, nínú ohun gbogbo. Mi ò rí igi kòkó rí láyé mi. Mi ò mọ bí òkè ṣe ń rí, nítorí ibi gíga jù tí mo ti gùn ni orí òrùlé bàbá mi. Síbẹ̀, mo dé ojú ewé kan níbi tí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti jí láàárọ̀, tó kọ́kọ́ ro ti ọ̀tá rẹ̀ kí ó tó ro ti Ọlọ́run tó jí i, ara mi bù máṣọ. Mo pa ìwé dé. Mo wo ẹ̀yìn mi. Èmi gan-an nìyẹn! Ta ló sọ fún òǹkọ̀wé yìí? Ibo ló dúró sí tó fi rí inú mi? Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá àgbà pariwo láti ìdí iná pé, "Kí ló wà nínú ìwé yẹn tí o ò fi gbóòórùn ẹja tó ń jóná?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, ọmọkùnrin méjì ló ń jà."

Ó ní, "Ṣé kí wọ́n lè kú ni? Sọ fún wọn pé à ń jà, bí i ká kú kọ́. Wá yí ẹja yìí."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn bọ́ sí àkókò. Ìjà ti wà lórí omi lọ́dún náà. Mi ò ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí bí ẹ bá bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ọgọ́rùn-ún ìdáhùn lẹ máa gbọ́. Ohun tí ojú mi rí ni pé abúlé jóná ní tiwa, abúlé jóná ní tiwọn, àwọn tó ti ń ra edé lọ́wọ́ ara wọn láti ìgbà ìyá ìyá wọn kò lè pàdé lórí omi mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan sá. Ìyá orogún mi kò lọ sọ́jà mọ́. Bó bá yọjú sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ènìyàn á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń wá sí ilé ìwé lójoojúmọ́, ó sì ń jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú.

Ọjọ́bọ̀ kan la ka ìwé náà dé ibi tí mò ń sọ. Odò kún ní ìlú oníkòkó yẹn. Ọmọ olóko ṣubú sómi, ó ń rì lọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ló wà nínú ọkọ̀. Ó na àjẹ̀ sí i, igi tó fi ń wa ọkọ̀, ó ní, "Mú un, tàbí kí o máa lọ." Orí yẹn parí síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà, ó kàn fi wá sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú igi tó nà.

Olùkọ́ wa bi wá pé kí ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ní lọ́kàn. Kò dúró dè wá, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Ẹ wò ó, ọwọ́ méjì wà lára rẹ̀, igi ló nà sí ọmọ ènìyàn! Kò fẹ́ kí ara wọn kan ara. Ẹ tún gbọ́ ohun tó sọ jáde lẹ́nu. Ìkórìíra yẹn kò tíì tán." Ó wá bi wá bóyá ẹnì kan ní èrò mìíràn.

Orogún mi dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. A kì í nawọ́ sí ẹni tó ń rì. Bí ẹ bá nawọ́ sí i, ẹ̀rù tó ń bà á á mú kó fà yín, ọkọ̀ á dojú dé, ẹ̀yin méjèèjì á sì kú. Àjẹ̀ là ń nà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn yè ló ń na àjẹ̀ sí i."

Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì yẹn tí kò mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ. Kí eyín ọmọ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bàbá mi ti fi kọ́ mi, ó sì ti gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo gbàgbé. Olùkọ́ wo ojú wa, ó rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo rí Igbókòdá lójú inú mi. Mo rí ara mi lórí pèpéle nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá gbè é lẹ́sẹ̀, òun ló lọ nìyẹn. Ni mo bá dìde, mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ìkórìíra ni."

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé mo ní ẹnu. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ẹni tí àwọn ará ìyá rẹ̀ ń ti ènìyàn sómi, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa yíyọ ènìyàn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Olùkọ́ lu tábìlì, ó ní kí n bẹ̀ ẹ́, mo dúró bí òpó, mi ò bẹ̀ ẹ́. Orogún mi wò mí. Ó jókòó, ó ṣí ìwé náà, nítorí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ni, ó sì gbójú sí i. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà, mo tilẹ̀ ti lò ó nínú àròkọ, mo sì gba máàkì gidi. Olùkọ́ ní di ọjọ́ Ajé kí òun tó sọ ẹni tó ń lọ.

Ajé náà dé. A ò tíì to ìlà nígbà tí a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó pọ̀, kò sì jọ ti ọkọ̀ wa. Èéfín ti ń rú ní abúlé tó tẹ̀ lé tiwa. Ẹnì kan kígbe pé àwọn tó ń sun abúlé ti dé, ó tán. Gbogbo ènìyàn dà sórí èbúté. Mo fò sínú ọkọ̀ kan tí ènìyàn ti kún fọ́fọ́, kò sì pẹ́ tó fi dojú dé. Ẹ má bi mí pé ṣé ọmọ etí omi kò mọ̀wẹ̀ ni. Mo mọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti gbá mi léjìká bó ṣe ń yí, apá mi òsì kò gbé mọ́, omi sì ń fà lọ sí ìhà òkun.

Bí mo ṣe ń jà níbẹ̀ ni mo rí ọkọ̀ wọn. Ìyá rẹ̀ ló ń wà á níwájú, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ láàárín, ìyá bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun sì wà ní ìdí ọkọ̀. Omi kò ju ìka méjì lọ sí etí ọkọ̀ náà. Mo fi ọwọ́ mi kan tó kù gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó sì fi gbá mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbígbá eré. Ìka mi tú, mo rì. Lábẹ́ omi níbẹ̀, èrò kan ṣoṣo ló wà lórí mi: ó ti gbẹ̀san. Mo tilẹ̀ rò pé ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo yọrí, mi ò rí ojú rẹ̀, ẹnu àjẹ̀ ni mo rí, ó wà níwájú imú mi gan-an. Kò sọ "mú un." Mo dì í mú. Ó fà mí yípo sí ìdí ọkọ̀, níbi tí mi ò ti lè dà wọ́n nù, ìyá rẹ̀ ń wà á lọ níwájú, wọ́n ń wọ́ mi tẹ̀ lé wọn títí tí ẹsẹ̀ mi fi kan gbòǹgbò àwọn igi etí omi. Mo fi apá mi tó dára gbá gbòǹgbò mọ́ra. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ tó bojú wẹ̀yìn. Ìyá tí mo bú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ṣubú, ó ní, "Dì í mú dáadáa o, ọmọ mi."

Orogún mi gba àjẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tọwọ́ bọ inú àpò ìwé rẹ̀, ó yọ ìwé ìtàn náà, ó ti fi ọ̀rá wé e nígbà méjì. Ó jù ú sórí ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tìẹ ni."

Wọ́n sì lọ, sí ìhà ọ̀dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀. Háà. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ilé ń jóná, ayé ń dàrú, ó rántí pé Ajé ni! Mi ò rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, títí dòní mi ò tíì rí òmíràn. Ọkọ̀ àbúrò bàbá mi ló gbé mi níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Igbókòdá tí mo fẹ́ fi aṣọ tí wọ́n lọ̀ wọ̀, pẹ̀lú aṣọ ẹrẹ̀ ni mo wọ̀ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n kó gbogbo wa sí. Bàbá àti ìyá mi ti wà níbẹ̀, Ìyá àgbà náà wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo tú ọ̀rá lára ìwé. Mo ṣí ojú ewé àjẹ̀ yẹn, bí ahọ́n ṣe máa ń lọ síbi eyín tó ń dunni. Ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Ajé: "Olùkọ́ ò mọ omi. Ìwọ mọ̀ ọ́n."

Mo sunkún débi pé ìyá mi rò pé ejìká ló ń dùn mí.

Olùkọ́ wa náà wà ní Igbókòdá, ó ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé. Nígbà tí ejìká mi san díẹ̀, mo gbé ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo parọ́ kí ẹ lè mú mi ni." Ó ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Ó wá ní kí n fi hàn òun.

Bí olùkọ́ mi ṣe jókòó sínú ọkọ̀ àbúrò bàbá mi nìyẹn, létí èbúté, lójú gbogbo àwọn tó sá wá. Èmi wà nínú omi. Mo ní kó nawọ́ sí mi, ó nà án. Mo fà á díẹ̀, díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ náà fì, omi ya wọlé, ọ̀gá ké pe ìyá rẹ̀! Àwọn ènìyàn tó ti ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ méjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó jókòó, omi ń ro lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní láti ilé ẹ̀kọ́ gíga lòun ti ń ka ìwé náà, òun ò mọ̀ pé òun ò tíì kà á. Ó ní ẹni tó yẹ kí àwa méjèèjì bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Ìdíje kankan kò wáyé lọ́dún náà.

Ohun tí mo wá fẹ́ mọ̀ láyé mi nìyí: kí ló wà lọ́kàn ọmọbìnrin yẹn sí mi? Àlàáfíà padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra edé lọ́wọ́ ara wọn. Mo bi àwọn èèyàn títí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Mo di tíṣà Yorùbá ní ìlú òkè, níbi tí mo ti wá mọ kòkó. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ ìtàn àjẹ̀ yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Màá gbé ojú sókè bí wòlíì, màá ní, "Ìfẹ́ ni! Òfin omi ni! Ó gbá mi lọ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn mi!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ èmi náà. Ó tù mí lára ju kí n máa rò pé mo ṣẹ ẹni tí kò lè dárí jì mí.

Láìpẹ́ yìí, mò ń lọ sí Ayétòrò láti lọ wo ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ lẹ́yìn tí òkun gba ilẹ̀ ìlú náà. Mo dé èbúté Igbókòdá, mo rí obìnrin kan tó ń to apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan sínú bóòtù, ó ń bá awakọ̀ jiyàn, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Mo mọ sùúrù yẹn. Ó yíjú, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Orogún!"

Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé, àgbà tíṣà bíi tèmi. A jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun ti kú, pé òun kò sọ ọ́ fún un rí, kó má bàa dùn ún. Ìyẹn náà tún gún mi lọ́kàn. Mo wá bi í ní ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn tó o fi àjẹ̀ gbá mi lọ́wọ́, kí ló wà lọ́kàn ẹ?" Mo ti mọ ohun tó máa sọ. Mo ti fi kọ́ ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ó wò mí bí a ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan kì í tètè yé.

Ó ní, "Inú ń bí mi sí ẹ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ ẹ dùn ẹ́. Mo sì fẹ́ kí o yè. Èwo ni ò yé ẹ níbẹ̀?"

Mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ní ẹnu! Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń mú ọ̀kan, tí mò ń ju èkejì nù. Òun ti gbé méjèèjì dání nínú ọkọ̀ tí omi fẹ́ wọ̀, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan bọ́. Olùkọ́ wa gba díẹ̀ níbẹ̀, ìbínú wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Orogún mi náà gbà á, nítorí ó fẹ́ kí n yè. Èmi nìkan ni mo parọ́.

Awakọ̀ ń pariwo pé kí a wọlé. Mo ṣí báàgì mi. Bí mo bá ń lọ sílé, mi kì í fi ìwé náà sẹ́yìn, inú ọ̀rá ló máa ń wà. Mo nà án sí i.

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tìẹ ló kàn."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ìró dáadáa, kí òróró ẹja má bàa kan ìwé, ó sì gbà á.